Ìwọ̀n Ẹ́ńjìnì Dọ́gba, Agbára Ò Dọ́gba: Ìtàn Agbára Ẹṣin Lórí Katakata

 

Ìbéèrè kan wà tó máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, tí kálukú ń wá katakata kékeré tó máa fi túlẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè á ní òun rí katakata méjì lọ́jà. Sìlíńdà mẹ́ta ni ẹ́ńjìnì méjèèjì ní, ìwọ̀n lítà kan náà ni wọ́n kọ sí wọn lára. Àmọ́ wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ agbára ẹṣin 33, wọ́n ní èkejì ju 37 lọ, owó wọn ò sì jọra. Ó wá ku ìbéèrè tó ń dùn ún jù: "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì báyìí?"

Ó lè jẹ́ jìbìtì lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ pọ́nńbélé ni wọ́n sọ. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnì rí. Èèyàn ò lè fi ojú wo irin kó mọ agbára tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ní ìtàn, àgbẹ̀ bíi tiwa ló sì jìyà rẹ̀ jù nínú ìtàn náà kí ọ̀rọ̀ tó lójú. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn yẹn lónìí, torí owó tí à ń kó jọ ra katakata kì í ṣe owó kékeré.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́jà ni láti ìbẹ̀rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1780 sí 1790, ọkùnrin ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ James Watt ń ta ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń tà á fún ti mọ ẹṣin lò tẹ́lẹ̀. Ẹṣin ló ń yí ọlọ wọn, ẹṣin ló ń bá wọn fa omi. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹṣin mélòó ni ẹ̀rọ rẹ máa gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe?

Watt bá jókòó, ó ṣírò iṣẹ́ tí ẹṣin kan ń ṣe. Ibi tó fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé agbára ẹṣin kan ni kí nǹkan gbé ẹrù páùn 33,000 sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Òun nìyẹn títí dòní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "ìṣẹ́jú kan" tó wà níbẹ̀ yẹn dáadáa, òun ni kókó. Tí ẹni méjì bá kó ọgọ́rùn-ún àpò àgbàdo wọ ọkọ̀, tí ọ̀kan fi ọwọ́ àárọ̀ kó o tán, tí èkejì kó o di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dọ́gba. Agbára wọn ò dọ́gba. Iṣẹ́ téèyàn ṣe àti àkókò tó fi ṣe é ni wọ́n pa pọ̀ tí wọ́n ń pè ní agbára ẹṣin. Ẹni tó bá gbàgbé àkókò, kò tíì mọ ohun tó ń rà.

Àwọn ará Yúróòpù yòókù wá ní tiwọn. Tiwọn ni kí nǹkan gbé kìlógírámù 75 sókè ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni ẹ ń rí tí wọ́n kọ PS sí lára ọ̀pọ̀ katakata tòkunbọ̀ tó ń ti Japan wá. Ó kéré díẹ̀ sí ti Watt. PS 40 jẹ́ hp 39 àti ààbọ̀, kò pé 40. Ìyàtọ̀ yẹn ò pọ̀, àmọ́ ẹ ti rí i pé kó tó di pé a ṣí ẹ́ńjìnì rárá, nọ́ńbà méjì ti wà fún agbára kan ṣoṣo.

Àgbẹ̀ tó fi ìbínú di òfin

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin lóko ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀ bí ewé. Èyí tó dára àti èyí tí ò dára jọ wà lọ́jà kan náà, kálukú sì ń kọ nọ́ńbà tó wù ú.

Ó wá ṣe, àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Minneapolis. Wọ́n wá ọkùnrin kan tí Ford jẹ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ yẹn pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yìí ò bá Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò tan rárá. Orúkọ lásán ni wọ́n fẹ́ fi tajà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Henry Ford fúnra rẹ̀ gbé katakata jáde lọ́dún 1917, Fordson ló pè é. Àwọn kan ti gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àgbẹ̀ kan wà ní Polk County, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Wilmot Crozier ló ń jẹ́. Ó ra katakata Ford ti Minneapolis yìí. Kò bá a débì kan. Ó pariwo, wọ́n fún un ní òmíràn, ìyẹn náà ò ṣe é rí mú sóko. Ó tún ra irú kan tí wọ́n ń pè ní Bull, kò ṣẹnuure. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ra Rumely OilPull. Ìyẹn ṣiṣẹ́, kódà iṣẹ́ tó ń ṣe ju agbára tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí i lọ. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó kọ nọ́ńbà ńlá ò lè túlẹ̀, ẹni tó kọ kékeré ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà wá wúlò fún kí ni?

Crozier ò fi ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu lásán. Wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, òun àti aṣòfin mìíràn tó ń jẹ́ Charles Warner gbé àbá òfin kan kalẹ̀, àbá náà sì di òfin lọ́dún 1919. Òfin náà sọ pé ilé-iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ ta irú katakata kan ní Nebraska títí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà yóò fi dán ọ̀kan nínú irú rẹ̀ wò, kí gbogbo ayé sì rí èsì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń sọ. Ó tún ní ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ tajà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí àgbẹ̀ ti lè rí ẹ̀yà ara katakata rà nínú ìpínlẹ̀ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi oṣù kan gbáko dúró de ṣíìlì lásán, ẹ mọ ìdí tí àgbẹ̀ yẹn fi fi ìyẹn kún un.

Lọ́dún 1920, katakata àkọ́kọ́ parí ìdánwò ní ìlú Lincoln. Waterloo Boy Model N ni, tó wà lábẹ́ John Deere nígbà yẹn. 12-25 ni wọ́n ń pe agbára rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? 12 ni agbára tó kù láti fi fa nǹkan lẹ́yìn katakata. 25 ni agbára tó ń jáde níbi bẹ́líìtì, tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ìpakà. Ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo ni, òótọ́ sì ni nọ́ńbà méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n ló yàtọ̀. Kí agbára tó rin jíà, kó rin ọ̀pá, kó dé ẹsẹ̀ katakata, kó tó tẹ ilẹ̀, gbogbo ibi tó bá kọjá ló ń bu tirẹ̀ nínú ẹ̀.

Lọ́dún 1959, àjọ tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pọ̀, èyí tó wá di OECD lẹ́yìn náà, fọwọ́ sí ìlànà kan fún dídán katakata wò. Ohun tí àgbẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní oko rẹ̀ wá tàn kọjá òkun.

Ìyàtọ̀ tó jẹ́ òótọ́

Ìdánwò lè lé irọ́ lọ, àmọ́ kò sọ ẹ́ńjìnì méjì di ọ̀kan. Títí dòní, ẹ́ńjìnì méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba lè ní agbára tó yàtọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́. Báwo?

Ìwọ̀n lítà tí wọ́n ń kọ yìí, ìwọ̀n ààyè inú sìlíńdà ni. Ìyẹn dà bí ìwọ̀n ìkòkò. Ìkòkò ò sọ iye ìgbà tí ẹ ń dáná lójúmọ́, kò sì sọ ohun tí ẹ dà sínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ń sọ ọ́.

Àkọ́kọ́ ni iyára. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí sí ní ìṣẹ́jú kan ni iye ìgbà tí iná ń ṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ mọ Massey Ferguson, ẹ wo ìtàn yìí. Ọdún 1959 ni Massey-Ferguson ra ilé-iṣẹ́ Perkins tó ń ṣe ẹ́ńjìnì, wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnì Perkins onísìlíńdà mẹ́ta, tó tó lítà méjì àtààbọ̀, sínú MF 35. Agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí hp 37. Nígbà tó di òpin ọdún 1962, wọ́n gbé MF 35X jáde. Ìwọ̀n lítà yẹn náà ni, kò lé, kò dín. Àmọ́ agbára ti di nǹkan bí 44. Wọ́n sún iyára iṣẹ́ rẹ̀ láti 2,000 sí 2,250 ní ìṣẹ́jú kan. Tí a bá sì ṣírò ọ̀rọ̀ náà, iyára nìkan ò lè fún wọn ní gbogbo èrè yẹn. Wọ́n mú kí iná kọ̀ọ̀kan tó ń ṣẹ́ náà lágbára sí i. MF 135 tí a mọ̀ bí ẹni mowó ní oko wa, tó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì Perkins oníwọ̀n yẹn ló gbé wá.

Èkejì ni epo. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ ẹ́ńjìnì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1892, nígbà tó sì di 1897, ẹ́ńjìnì náà ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan ni wọ́n fi ń fẹ́ dísù wọnú sìlíńdà, ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ò ṣeé gbé sórí katakata kékeré. Lọ́dún 1927 ni ilé-iṣẹ́ Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ǹpù dísù lọ́pọ̀ yanturu, pọ́ǹpù kékeré tó ń wọn epo ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń wọn oògùn sínú síírìnjì. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnì ò ti lè dá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣe to pọ́ǹpù ni agbára ṣe máa rí.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ wo Kubota L3301 àti L3901. Sìlíńdà mẹ́ta ni méjèèjì, lítà 1.826 ni méjèèjì, iyára 2,700 ni wọ́n kọ fún méjèèjì. Síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ hp 33, èkejì jẹ́ 37 àtààbọ̀. Ààyè dọ́gba, iyára dọ́gba. Kí ló wá kù? Iye epo tí wọ́n gbà á láyè láti jó ni. Ẹni tó béèrè lọ́wọ́ wa níbẹ̀rẹ̀ ti rí èsì rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́. Epo ò lè jó láìsí afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ń da dísù sí i tí afẹ́fẹ́ ò tó, èéfín dúdú lẹ máa rí, owó yín ló ń bá èéfín lọ yẹn. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1905 lórí ọgbọ́n kan: kí èéfín tó ń jáde fúnra rẹ̀ yí fáànù kan, kí fáànù náà máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì ju èyí tó lè fà fúnra rẹ̀ lọ. Òun la mọ̀ sí turbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀: ẹwìrì ni. Ààrò kan náà, èédú kan náà, ẹ jẹ́ kí ọmọdé fẹ́ ẹwìrì sí i, ẹ ó rí i bí irin ṣe máa pọ́n. Ẹ́ńjìnì Kubota tí wọ́n ń pè ní V1505, lítà kan àtààbọ̀, ń mú nǹkan bí hp 35 àtààbọ̀ wá. Tí wọ́n bá fi turbo sí i, ní iyára kan náà, á di nǹkan bí 44.

Nígbà tí òfin bá dín agbára kù

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú irin rárá. Lọ́dún 2004, ìjọba Amẹ́ríkà gbé òfin kalẹ̀ lórí èéfín ẹ́ńjìnì dísù tó ń ṣiṣẹ́ lóko. Fún ẹ́ńjìnì tó bá ti dé hp 25, òfin náà le gan-an láti ọdún 2013. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní láti fi asẹ́ èéfín olówó ńlá sí i. Èyí tí kò bá dé 25, wọn ò fi dandan bẹ́ẹ̀ mú un.

Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe? Wọ́n gbé ẹ́ńjìnì tó tóbi díẹ̀, wọ́n dín iyára àti epo rẹ̀ kù, kó lè dúró lẹ́yìn ààlà. Kubota L2501 jẹ́ lítà 1.647, iyára rẹ̀ 2,200, agbára rẹ̀ 24.8. Kì í ṣe èèṣì ni 24.8 yẹn o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò wa nìyí. Tí ẹ bá fi L2501 wé L3301, 33 fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ju 24.8 lọ. Àmọ́ tí a bá ṣírò agbára tí ẹ́ńjìnì fi ń yí ọ̀pá ní iyára tí wọ́n kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ti L2501 jẹ́ nǹkan bí 80 Nm, ti L3301 jẹ́ nǹkan bí 87. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ ká fi jíà kékeré fa nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́, katakata tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń fẹ́ iyára, bí ẹ̀rọ tó ń gé koríko tàbí èyí tó ń lọ ilẹ̀ kúnná, ibẹ̀ lẹ máa ti mọ̀ pé 33 ju 24.8 lọ lóòótọ́. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan lè san owó lórí ohun tí oko rẹ̀ ò nílò.

Kí lẹ máa ṣe tẹ́ ẹ bá dé ọjà?

Ìtàn tí a sọ yìí ti kọ́ wa ní ìbéèrè tó yẹ ká bi ọlọ́jà. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, ẹ má bínú sí oníbàárà tó bá bèèrè. Ọjà tó dára ò ń sá fún ìbéèrè.

1. Iyára wo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Agbára láìsí iyára, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ní Nm lọ́wọ́, ẹ fi iyára ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 9,549 pín in, kW ló máa fún yín. Ẹ fi 1.34 sọ kW di púpọ̀, ó di hp.

2. Níbo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ti ẹ́ńjìnì àti ti PTO kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti PTO máa ń kéré sí ti ẹ́ńjìnì, òun ló sì ń yí ẹ̀rọ yín. Tí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fẹ́ so mọ́ ọn bá ń bèèrè hp 30 ní PTO, katakata tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 30 ò ní lè gbé e dáadáa.

3. Ṣé hp ni àbí PS àbí kW? Ẹ má fi ọsàn wé òroǹbó.

4. Ṣé turbo wà níbẹ̀? Turbo máa ń ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ níbi gíga bíi Jos tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Àmọ́ ó fẹ́ ìtọ́jú: ẹ́ńjìnì ọ́ìlì tó dára, asẹ́ afẹ́fẹ́ tó mọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á lẹ́yìn iṣẹ́ líle.

5. Kí ló wà lára ẹ́ńjìnì gan-an? Sítíkà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá pátákó irin tí ilé-iṣẹ́ kàn mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ èsì ìdánwò Nebraska wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni lè kà. Nílé níbí náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀rọ oko, NCAM, wà ní Idofian lẹ́bàá Ìlọrin, yíyẹ ẹ̀rọ oko wò sì wà lára iṣẹ́ wọn.

6. Tí mẹkáníìkì bá ní òun lè yí skúrù pọ́ǹpù kí hp lè pọ̀ sí i, ẹ dá a dúró ná. Epo lè pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ṣe kílọ́ọ̀ṣì, jíà àti rédíétọ̀ fún agbára yẹn. Katakata tó tú ilẹ̀ kíákíá lóṣù yìí tó wá gbóná kú lóṣù tó ń bọ̀, kò ṣe wá lóore.

Èyí tó ga jù: tí ọlọ́jà bá gbà, ẹ so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ katakata náà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó túlẹ̀ lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Crozier ò ní irú àǹfààní yẹn, ẹ̀yìn tó ti sanwó tán lojú rẹ̀ tó là. Àwa ti gbọ́ ìtàn tirẹ̀, kò yẹ kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Irú katakata wo lẹ̀ ń lò, kí ni nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ sì bá nọ́ńbà náà mu? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí kí àwọn tó fẹ́ rà lè rí nǹkan kọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí oko wa so o.